Má Wá Gbé Ààrò Mi Lọ

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀,
Ọjọ́bọ̀.

Bọ̀wálé ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ayọ̀fẹ́ ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le bí mo ṣe bẹ Ọlọ́run lórí yín láàárọ̀ yìí? Tèmi le koko, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń fà á lọ bẹ́ẹ̀. Gààrí tí mo yan lọ́sẹ̀ tó kọjá kan dé eyín. Ewúrẹ́ Ameenat, aládùúgbò mi, ti bí mẹ́ta, ìyọnu sì ti di mẹ́rin.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, pé o ń bọ̀ ní Sátidé wá gbé ààrò onírin tí o rà fún mi lọ, pé gáàsì lo máa gbé wá dípò rẹ̀ nítorí mi ò mọ ààrò lò. Èmi? Èmi tí mo ti ń fi igi dáná kí wọ́n tó bí ẹni tó rọ irin yẹn? Fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé fún ọ.

Ìwé tó bá ààrò náà wá, mo kà á tán, nítorí ìwé mẹ́fà ayé ìgbà tiwa kì í ṣe ìwé mẹ́fà ìsinsìnyí. Wọ́n ní igi gbígbẹ ni kí n máa lò, mo sì ń sá igi mi kó tó wọlé. Wọ́n ní kí aṣọ jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo fi ẹsẹ̀ ara mi wọ̀n ọ́n, nígbà tí mo rí i pé ẹsẹ̀ mi kéré, mo ní kí Ameenat wá fi tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Mò ń bu eérú sínú garawa onírin tó ní ìdérí. Wọ́n tún ní kí n má da kẹ̀rósìn sí i, ìyẹn bí mi nínú díẹ̀, ta ni wọ́n rò pé ó lówó kẹ̀rósìn tó máa dà nù?

Ẹ̀rọ funfun kékeré tí o kàn mọ́ ògiri ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí o kàn án, o ní, Màámi, yóò máa ṣọ́ yín bí ẹni pé èmi ni mo wà níbí. Mo gbà ọ́ gbọ́. Láràárọ̀ ni mò ń wé gèlè kí n tó wọ ilé ìdáná, kí o má baà bá mi lórí lásán, mo sì ń ro gbogbo ìròyìn ilé fún ọ. Iná aláwọ̀ ewé ara rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, mo ní ọmọ mi ń gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, mo ti fèrèsé nítorí ewúrẹ́ Ameenat. Igi ti jó di ẹyin iná, kò rú èéfín kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń gba ẹnu páìpù èéfín kán sínú iná mi. Mo ní nígbà tí èéfín ti tán, kí ni páìpù tún ń ṣe? Mo lọ sẹ́yìn ògiri, mo fi àkísà dí i lẹ́nu. Mo wá jókòó ti ìkokoré mi. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, ojú mi ń wúwo, mo ní ìwàásù ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lára mi. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe figbe ta.

Bọ̀wálé, ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ìwọ lò ń ké ní Èkó. Ìyá wo ló máa gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ tó máa jókòó? Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ gbé mi, síbẹ̀ mo fa ẹ̀rọ tu lára ògiri, mo gbá a mọ́ àyà, mo sáré bọ́ sínú òjò, mo ń pe Ameenat kó bá mi pè ọ́ lórí fóònù. Kí o tó gbé e, ẹ̀rọ ti dákẹ́ sí mi láyà, orí mi náà ti ń fúyẹ́. Ìgbà náà lo sọ pé èéfín kan wà tí ojú kì í rí, tí kì í rùn, tí ẹyin iná ń tú jáde, tó ń pa èèyàn bí oorun, pé òun ló mú ẹ̀rọ ké. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, rírú ní ń rú. Èyí tí kò rú, tó ń yọ́ wọlé, olè ni.

Mo ti gbọ́ o. N kò ní dí páìpù mọ́ láéláé. Ọmọ odó ni mo fi há fèrèsé, kò lè padé mọ́, ewúrẹ́ tó bá wọlé, ọwọ́ mi ló máa bá. Ẹ̀rí mìíràn tún wà pé mo mọ ààrò lò: láti ọjọ́ Ajé títí di òní, ẹ̀rọ yẹn ò ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo rí i pé èéfín ni kò bá a lára mu, mo gbé e kúrò nílé ìdáná, mo so ó mọ́ igi ọsàn ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mò ń kí i láràárọ̀.

Nítorí náà, owó tí o fẹ́ fi ra gáàsì, fi ránṣẹ́ kí n fi ra bátìrì tuntun sí i, kí káfíńtà sì kan òrùlé kékeré lé e lórí kí òjò má pa á. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ni. Ṣùgbọ́n láti Àjíǹde tí o ti kàn án mọ́ ògiri, n kò tíì fojú kàn ọ́, òun ni mò ń rí. Bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, máa bọ̀, ìkokoré á gbóná, ààrò ni kí o má fọwọ́ kàn.

Bí mo ṣe gbọ́ igbe tí kì í ṣe tìrẹ tí mo sì sáré, Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ gan-an kí o tó ya ẹnu. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Helen.