Ìlà Tó Wà Nísàlẹ̀

Olóòtú ètò wa orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín láti Ìfọ́n, ṣùgbọ́n ìbínú ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ pè mí ní Hàfúsátù. Kì í ṣe orúkọ mi gan-an.

Nígbà kòrónà, ọkọ mi ń wúkọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní ká gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ní Ìlobù ní rárá, òun ti rí ìtọ́jú rẹ̀ lórí fóònù òun. Ó kà á sí wa létí: kó da aṣọ borí, kó máa fa ooru omi gbígbóná símú. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń se omi. Lọ́jọ́ kẹrin, a sin ín.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n fún ọmọ mi ní fóònù rẹ̀ àtijọ́ yẹn, kó máa fi kàwé. Fọ́tò ohun tó kà fún wa ṣì wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi kà á dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Màámi, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹni tí kò bá lè mí dáadáa, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ṣé Bàbá Tíṣà ò rí i ni?"

Ó rí i! Ṣebí tíṣà ni! Ibi tó wù ú ló kà. Títí dòní, ó ṣì ń fi fóònù ṣe dókítà fún gbogbo àdúgbò. Àwọn ẹbí ní kí n gba kámú, kí n má tú ilé ká.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dákẹ́? Bàbá Tíṣà máa ń gbọ́ ètò yìí. Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.