Omi Tí Wọ́n Fà Láyà Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ìyá rẹ ló ń kí ọ o. Iṣẹ́ ńkọ́, ara ńkọ́, ṣé ò ń jẹun dáadáa? Ohun tí yóò pa ọ́ lẹ́kún kò ní yà sọ́dọ̀ rẹ. Jọ̀ọ́, má fi orí há inú fóònù mọ́ bíi tọjọ́sí tí a fi fídíò ríra, gbogbo ojú rẹ ló ti rù, ibẹ̀ ti há jù fún ọ.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé ó pẹ́ tí jẹjẹrẹ yìí ti ń bá wọn fínra, ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, èémí gan-an di ogun. Ni mo bá gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fótò àyà wọn. Mo ní kí n kọ́kọ́ dé fìlà fún wọn, wọ́n ní kò pọn dandan. Nígbà tí fótò jáde, egungun nìkan ni mo rí, mo bú sẹ́kún, mo ní ṣé bí ọkọ mi ti rù tó nìyí! Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò jù ọ́ lọ, dì mí mú, ó ní bí ti gbogbo wa ṣe rí nìyẹn, àmọ́ omi ló yí ẹ̀dọ̀fóró wọn ká tí kò jẹ́ kó ráyè fẹ̀.

Omi kẹ̀! Mo já ife omi tí bàbá rẹ ń mu gbà lọ́wọ́ wọn, mo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ mi. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní jẹjẹrẹ ló fà á, kì í ṣe omi mímu, kí n dá ife wọn padà.

Wọ́n gún bàbá rẹ lábẹ́rẹ́ kó má baà dùn wọ́n, wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín bọ ẹ̀gbẹ́ wọn, omi pupa rẹ́súrẹ́sú sì ń dà sínú ìgò. Bàbá rẹ mí kanlẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé ariwo mi ti pọ̀ jù. Inú mi dùn débi pé mo tún pariwo sí i.

Rọ́bà náà ṣì wà lára wọn, torí omi yẹn á máa padà wá. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi bí n ó ṣe máa fà á nílé, pé kí n fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa, kí n sì tètè pe àwọn bí ara bàbá rẹ bá gbóná. Mo bi dókítà bóyá tí omi bá tán, àìsàn náà á tán. Ó jókòó tì mí, ó ní rárá o, màmá, èyí ò lè wo jẹjẹrẹ sàn, èémí nìkan ló máa fún wọn. Mo ní èémí náà dára, a ó máa lò ó.

Jọ̀ọ́, fi owó ìgò tí a ó máa fa omi náà sí ránṣẹ́, kí o sì mú owó ọkọ̀ tìrẹ kúrò nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n má dà ọ́ láàmú, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló gbá yàrá rẹ láàárọ̀ yìí, wọ́n ń gbá, wọ́n ń sinmi. Tètè máa bọ̀. Ọ̀nà á là fún ọ, ayọ̀ la ó fi pàdé.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, bàbá rẹ nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń hanrun. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ta wọ́n jí ni. Ní báyìí, mo kàn jókòó, mò ń gbọ́ ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ