Iṣu Inú Fóònù

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun mọ̀ngàríbà

Ìyá Sẹ̀kínà ò bínú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà mi nírọ̀lẹ́ yìí, ó ní, "Àǹtí, gbogbo èbù tí mo fẹ́ gbìn ni Sẹ̀kínà dà mọ́ iṣu jíjẹ. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé fóònù yẹn ló máa bá wa wá irúgbìn?"



Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Sẹ̀kínà, ilé ló ti mọ èbù yàtọ̀ síṣu jíjẹ. Ṣùgbọ́n nínú fóònù tí a fi ń kọ́ wọn ní jẹ́lé-ó-sinmi bí a ṣe ń ṣa nǹkan sọ́tọ̀, apẹ̀rẹ̀ kan ni gbogbo iṣu ń wọ̀. Lọ́jọ́ tó ya àwọn iṣu kékeré sọ́tọ̀ bí èbù, fóònù ké pé ó ṣì í, àwọn ọmọ yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé kò ṣì í. Mo ṣì ní kó tún un ṣe. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, ta ni èmi tí mo fẹ́ bá fóònù jiyàn…

Mo pe ọmọ náà láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, mo ní, "Bó o ṣe kọ́kọ́ ya iṣu kékeré sọ́tọ̀ yẹn ló dáa."

Kò wo ojú mi. Fóònù ọwọ́ mi ló ń wò, bóyá yóò gbà.