Màmá Tí Àwọn Ọmọ Ń Rán Níṣẹ́: Ìgbésí Ayé Olóògbé Margaret Ẹ̀bùnlọlá Fáṣínà (1943–2009)

Ìkirè ni wọ́n bí Màmá wa sí, ní agboolé Ọlákìtán, lọ́dún 1943. Alàgbà Àmúsà Ọlákìtán, àgbẹ̀ oníkòkó, ni bàbá wọn. Abilékọ Ìkẹ́, tó ń din dòdò tà fún àwọn arìnrìn-àjò, ni ìyá wọn. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ní kékeré sọ fún wa pé Ẹ̀bùnlọlá kì í jókòó. Bí wọ́n bá ní kó wá jẹun, ìdúró ni yóò ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Kristẹni ni wọ́n lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi tí wọ́n ń jẹ́ Margaret. Mùsùlùmí ni bàbá wọn, ṣùgbọ́n wọn kò bínú. Wọ́n ní orúkọ tó bá wu ọmọ ni kó máa jẹ́, kó sáà ti máa dáhùn bí wọ́n bá pè é. Lẹ́yìn ilé-ìwé, Màmá kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe ní Ìbàdàn. Lọ́dún 1970 wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, Olóògbé Jeremáyà Fáṣínà, awakọ̀ tánkà epo, wọ́n sì bá wọn wá sí Èkó. Satellite Town ni wọ́n ń gbé kí wọ́n tó kó wá sí Festac lọ́dún 1983. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Tẹjúmádé, Báyọ̀ àti Ọmọ́tóyọ̀sí.

Festac ni Màmá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù onírun wọn. Àga oníbàárà ló wà níbẹ̀, kò sí ti onídìrí. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó dirí, irun ọwọ́ rẹ̀ á wọ́. Orí ìdúró yìí ni wọ́n ti tọ́ wa, tí wọ́n ti kọ́ ogunlọ́gọ̀ ọmọṣẹ́, orí rẹ̀ náà sì ni ẹsẹ̀ òsì wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú. Iṣan ẹsẹ̀ náà wú, ó ta kókó. Awọ ọrùn ẹsẹ̀ di dúdú, ó ń yún wọn, nígbà tó sì di ọdún 2001, ó di egbò. Àdáàjinná gidi ni. Á san lónìí, á tún là lọ́la. Àwọn kan ní Màmá tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ẹlòmíràn gbé òróró wá, ẹlòmíràn gbé àgúnmu wá. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n egbò kò dúpẹ́ ní tirẹ̀.

Kí Bàbá wa tó kú lọ́dún 1998, wọ́n di ọwọ́ Màmá mú, wọ́n ní bí ó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó Ọmọ́tóyọ̀sí, àbíkẹ́yìn wọn, Màmá ni kó mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbéyàwó yìí bọ́ sí oṣù Kejìlá ọdún 2004. Nínú oṣù Kẹta ọdún náà, Màmá kò lè dúró kọ orin kan tán nínú ìjọ mọ́. Àwọn àbúrò Bàbá ti ń sọ pé àwọn yóò mú ọmọ wọlé. Màmá fárígá. "Èmi ni ọkọ mi rán," ni wọ́n wí, wọ́n sì sunkún lójú wa. Ọjọ́ yẹn dùn wá dé egungun.

Tẹjúmádé ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ Dókítà Yíwọlá, ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Apple Junction. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún ni ó fi wo ẹsẹ̀ Màmá. Ó ní ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan ṣe wọ́n. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú iṣan ló ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gòkè wá ń ṣàn padà sísàlẹ̀. Kò ní fi ọ̀bẹ kan wọ́n. Abẹ́rẹ́ tí oògùn rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ ni yóò fún wọn, iṣan burúkú yóò pa dé, ẹ̀jẹ̀ yóò gba inú àwọn tó dáa. Ó gún un, ó fi báńdéèjì tó le di ẹsẹ̀ náà. Màmá gbójú sókè, wọ́n ní, "Ó ti tán? Èmi tí mo ti pín aṣọ mi láàárín àwọn ọmọ!" Títí di òní, Ọmọ́tóyọ̀sí kò tíì dá sányán tirẹ̀ padà.

Ibi tí àwa ọmọ ti ṣàṣìṣe rèé. Dókítà sọ pé kí Màmá máa rìn lójoojúmọ́. Àwa gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó tí ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn yóò máa rìn? A gbé wọn sórí àga. A kó bàtà wọn pamọ́. Bí wọ́n bá dìde pẹ́nrẹ́n, gbogbo ilé á ké pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ mú?" Ojú ń tì wá láti jẹ́ kí wọ́n bu omi fúnra wọn. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹsẹ̀ ti wú, egbò sì ń ṣomi. Inú bí i. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí ni àìsàn ìyá yín báyìí. Ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, bí wọn ò bá rìn, kí ló fẹ́ tì í?"

Màmá ní àwọn ti gbọ́, àmọ́ àwọn kì í ṣe wèrè tí yóò máa rìn kiri láìríṣẹ́ ṣe. Ó wá di dandan ká máa rán wọn níṣẹ́. Àwa, ká rán ìyá wa níṣẹ́! Báyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó lè la ẹnu sọ pé, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ bá mi ra búrẹ́dì." Wọ́n lọ. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ kò tán: atare, ìṣáná, kí wọ́n lọ kí ẹni tí wọ́n ti kí lánàá. Màmá Gbádébọ̀, aládùúgbò wa, fi igbe ta. Wọ́n ní àwọn ọmọ Fáṣínà ti sọ ìyá wọn di ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n sì mú pásítọ̀ wá bá wa wí. Màmá ló gbà wá sílẹ̀. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni wọ́n wí, "ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń rán, kì í ṣe èmi." Lọ́jọ́ kan tí a kò rí nǹkan rà mọ́, Ọmọ́tóyọ̀sí kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bá wa wò ó bóyá Apple Junction ṣì wà níbẹ̀." Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Wọ́n ní ó wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n kí wa.

Kí oṣù Kẹwàá tó parí, egbò ti jinná láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Àpá dúdú rẹ̀ kò kúrò, ìyún rẹ̀ a sì máa padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n kò là mọ́. Lóṣù Kejìlá, Màmá wọ bàtà pẹlẹbẹ, wọ́n fi ìró bo ìbọ̀sẹ̀ líle tí dókítà fún wọn, wọ́n di apá Ọmọ́tóyọ̀sí mú, wọ́n sì rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé iwájú pẹpẹ. Àwọn kan gbé àga fún wọn, Màmá kọ̀ ọ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Jeremáyà, mo ti jíṣẹ́ o." Kò sẹ́ni tí kò sunkún, títí kan ọkọ ìyàwó.

Lẹ́yìn èyí, Màmá gbé àpótí sínú ṣọ́ọ̀bù fún àwọn onídìrí. Wọ́n ń mú àwọn tó ń fi ìdúró ṣiṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n sì ń bá ẹni tó bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nítorí ooru jà. Lọ́dún 2007 iṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún náà wú, wọ́n gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, a rán wọn ní búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n rà á wálé, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí bí dókítà ṣe kọ́ wọn, wọ́n sì sùn lọ bẹ́ẹ̀. Awọ ẹsẹ̀ wọn dán, kò sí egbò kankan níbẹ̀.

Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ sáyé lọ: Abilékọ Tẹjúmádé Adéwùnmí, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀ Fáṣínà àti Abilékọ Ọmọ́tóyọ̀sí Ọlábọ̀dé, àwọn ọkọ àti ìyàwó wọn, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Láídé, Ṣínà àti àwọn àbúrò wọn.

Màmá, Ọlọ́run á tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí a fẹ́ rán yín, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ la wà: ẹ bá wa kí Bàbá. Ẹ má wulẹ̀ padà wá jíṣẹ́. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè, ẹ sùn dáadáa.