Àjà Pákó Tí Mo Fẹ́ Kàn

Bàbá àgbà mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá àgbà, mo kí gbogbo ilé. Ara wa le, àfi ẹsẹ̀ Màmá tó wú díẹ̀. Pákó tí mo fi ti ògiri gáréèjì ló wó lù wọ́n. Wọ́n ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, màá kan ajá mọ́ ògiri, kí n to pákó lé e."

"Kí ni ajá ṣe fún ẹ? Àjà ni, òyìnbó!"

Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n gbà kí n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré.

Màá fi bóòtù, ìṣó oníyíyí, de apá irin tó máa gbé pákó ró mọ́ ògiri. Pákó tó wúwo jù á wà nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni apá kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì tó, kí pákó má baà tẹ̀?

Kí Ọlọ́run dá ọwọ́ yín sí. Màmá ní èmi ni màá kọ́kọ́ dúró sábẹ́ àjà náà. Màá dúró.

Ọmọọmọ yín