Baba Awakọ̀ Sùn Láìlo Oògùn

Bọ̀dá mi, ìyẹn kì í ṣe oorun, ìyà ni! Oòrùn ṣì wà lókè, wọ́n á ti da àgbàlagbà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi oògùn oorun sí i lẹ́nu, kí àwa òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó lè ráyè jókòó. Mo sọ ọ́ lójú ọ̀gá wa. Ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. Mo ní, "Màdámù, ẹ̀yin náà ẹ lọ sùn báyìí ká wò ó."

Ẹ̀rín pa á. Ó bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n ní ká dán oorun láìlo oògùn wò lára Baba Awakọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Mo mú Baba rìn yí ọgbà ká lọ́sàn-án. Ìgbà tí wọ́n yán fúnra wọn la tó pa iná, kò sì sẹ́ni tó tún tanná sí wọn lójú lóru láti pààrọ̀ ìlédìí.

Bọ̀dá, Baba sùn fọnfọn! Bí wọ́n ṣe jí báyìí, wọ́n pariwo mọ́ mi: "Kọ́ńdọ̀, èrò ń dúró, o ò lè jí mi?" Ọ̀gá ní gbogbo ilé ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Mo borí wọn!

Èmi náà ń sùn, ẹ má dààmú. Àga bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ kejì rọ̀ dáadáa.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n Màmá wa ń tòògbé lórí fóònù lánàá, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú. Ta ló ń fún wọn lóògùn oorun nínú ilé yín? Ẹ dá mi lóhùn!