Kọ́ńpìnnì Tí Kì í Jẹ Búrẹ́dì Pọ̀

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Àwa náà ń mí, a ń jẹun, a sì ń sọ̀rọ̀ rẹ lójoojúmọ́. Ẹni tí yóò ṣe ọ́ lóore kò ní ṣìnà ilé rẹ. Bàbá rẹ kí ọ, ó ń kan àga kékeré kan lọ́wọ́, ìṣó ló há sẹ́nu tí kò fi lè kí ọ pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí, pé inú èdè Látìnì ni Òyìnbó ti mú kọ́ńpìnnì, pé àwọn tó jọ ń jẹ búrẹ́dì ni ìtumọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́, mo sáré sọ ọ́ níbi iṣẹ́ wa. O ṣáà mọ̀ pé búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò, a kì í tà á, gbogbo wa la máa ń bù ú jẹ lórí ìdúró, àtọ̀gá àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Ni Orí-Funfun tó ń po ìyẹ̀fun bá pariwo pé àṣé kọ́ńpìnnì ni wá látọjọ́ yìí! Láti ìgbà náà ló ti ń lọ aṣọ rẹ̀ kó tó wá síṣẹ́.

Inú mi ń dùn pé ọmọ mi wọ kọ́ńpìnnì níbi iṣẹ́, pé ó rí ẹni bá jẹun. Àfi ìgbà tí mo bi ọ́ lánàá pé ta ló ń bu búrẹ́dì ní kọ́ńpìnnì tiyín, tí o rẹ́rìn-ín, tí o ní kálukú ló ń jẹ tirẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, tí o ní ìwọ kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rín náà kò dénú. Èmi ni mo bí ọ.

Bàbá rẹ yọ ìṣó lẹ́nu, ó ní wọ́n ti rú òfin Látìnì, kí n kọ̀wé sí ọ̀gá yín. Mo ní kó ṣe sùúrù, bóyá ọ̀gá náà kò gbọ́ Látìnì. Wọ́n ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò bá ní. Àdájẹ ńkọ́, téèyàn tiẹ̀ ní?

Mo fi búrẹ́dì ńlá kan rán awakọ̀ sí ọ. N kò gé e. Bù ú fún ẹni tó jókòó tì ọ́ kí o tó jẹ tìrẹ. Bójú bá tì ọ́, sọ pé ìyá rẹ ló ní kí o ṣe é.

Bí wọ́n bá kọ̀, má bara jẹ́. A ó pè ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí o ti bu oúnjẹ tìrẹ kalẹ̀. Àga tí bàbá rẹ ń kàn, fóònù ni yóò jókòó lé e, láàárín àwa méjèèjì. Jọ̀ọ́, fi owó káàdì díẹ̀ ránṣẹ́, kí ìpè má baà já ká tó jẹun tán.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ní oúnjẹ kí o má rí ẹni bá ọ jẹ ẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
kọ́ńpìnnì àkọ́kọ́ tí o wọ̀.